Ẹ̀rọ Tó Ń Kan Àyà Bàbá Mi

Ìdájí la kúrò ní Kábbà, kí kùrukùru tó gbéra lórí òkè. Bàbá mi, Olúdáre, jókòó níwájú ọkọ̀, wọ́n fi ọwọ́ lé àyà. Láti ìgbà òjò ni wọn kò ti lè gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé wa láìdúró mí. Dókítà ní àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn wọn ti dí, àwọn iṣan náà kò sì ṣeé là mọ́. Ó ní ẹ̀rọ kan wà ní Àbújá tó ń fi ìgbì tí ojú kò rí kan àyà láti ìta, bóyá iṣan tín-ín-rín á hù níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé.

Kíkàn yẹn gan-an ló ń ba Bàbá lẹ́rù. Nínú agboolé wa, bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn láìpe orúkọ ẹni tó wà nílé, a kì í dáhùn. Ẹ̀gbọ́n Bàbá dáhùn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọn kò bá ẹnì kankan níta. Wọ́n padà wá jókòó sórí àga wọn, wọ́n ní àyà ń fún àwọn, orí àga yẹn ni wọ́n kú sí.

Ní Ọ̀bàjànà, àwọn ọkọ̀ símẹ́ńtì ti lọ ọ̀nà náà kúnná, eruku funfun bo ewé igi. Ibẹ̀ la ti gbọ́ ọ lábẹ́ ọkọ̀: kó, kó, kó. Jímọ̀, awakọ̀ wa, sọ̀ kalẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀.

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá."

"Mo mọ̀. Máa wa ọkọ̀ lọ. Má dá a lóhùn."

Jímọ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò tan rédíò mọ́.

Ní Lọ́kọ́jà, a ra ẹja yíyan létí odò. Ó dùn, ata rẹ̀ sì ta dáadáa, ṣùgbọ́n ará Kábbà tí kò rí iyán kò tíì jẹun. Bàbá kàn tọ́ ọ wò ni.

Ní Àbújá, yàrá ẹ̀rọ náà tutù bí inú ihò àpáta. Nọ́ọ̀sì, obìnrin Haúsá kan, ní "sannu a hankali," ìyẹn ni pé ká máa ṣe é jẹ́jẹ́. Ó fi nǹkan yíyọ̀ pa àyà Bàbá, ó gbé orí ẹ̀rọ lé e. Kó, kó, kó. Ìró abẹ́ ọkọ̀ náà ni!

Bàbá dìde jókòó. "Ẹ pa á! Kò pe orúkọ mi."

Mo ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ náà ń wo ọkàn Bàbá. Bí ọkàn kò bá lù, kò ní kàn.

"Síbẹ̀, kò pè mí," ni Bàbá wí. "Bọ́sẹ̀, ìwọ pè mí."

Ta ni í pe bàbá rẹ̀ lórúkọ?

"Pè mí, ọma mi, kí n mọ ẹni tó ń kàn."

"Olúdáre," mo wí. Kó. "Olúdáre." Kó. Ojú tì mí, ẹ̀rù bà mí, omijé ń bọ́ lójú mi, mo sì ń pè títí ohùn mi fi há.

Ọ̀sẹ̀ kan la fi ń lọ ibẹ̀. Dókítà ní ká má fi oògùn sílẹ̀, ká sì padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà ń dẹ àwọn kan lára, kì í ṣe gbogbo ènìyàn.

Ilẹ̀ ń ṣú nígbà tí a dé Kábbà. Bàbá ní kí n máa lọ ṣílẹ̀kùn, àwọn á fẹsẹ̀ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Mo tan iná, mo dúró. Wọ́n pẹ́. Àga ẹ̀gbọ́n wọn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé ẹni tí a kò bá fẹ́ kó lọ, ká máa pè é. Mo fẹ́ jáde lọ pè wọ́n.

Kó, kó, kó.

Kò sí orúkọ. Mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, n kò ṣí i. Mo gbọ́ èémí níta, ó gùn, ó sì rọra ń rọlẹ̀.

"Bọ́sẹ̀."

Mo dáhùn kí wọ́n tó pè é tán.