Abọ́ ló jókòó sí àga ọmọ

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi tó ti Àbíjàn dé fi bẹ́líìtì de páálí abọ́ tánganran mọ́ àga ọmọ nínú ọkọ̀ láàárọ̀ yìí, ó wá gbé Sàlíù ọmọ rẹ̀ lé itan níwájú.

“Ìyàwó, ṣé abọ́ lo bí ni?”

“Ìyáálé mi, Sàlíù ti dàgbà ju àga yẹn lọ.”

“Bí bàtà bá há a, ṣé ẹsẹ̀ lásán ló kàn?”

Ó fi mí rẹ́rìn-ín.

Ká tó dé Isundunrin, ewúrẹ́ já sọ́nà, ọkọ rẹ̀ tẹ bíréèkì. Sàlíù fẹnu gbá dáṣíbọọ̀dù, eyín iwájú méjì yọ. Abọ́ kankan ò fọ́.

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Mo ní kó kọ́kọ́ ka abọ́ rẹ̀ ná.

Wọ́n ní ìkà ni mí. Ẹ̀yin ọlọ́mọ, nínú àwa méjèèjì, ta nìkà?