Ibi Tí Bàbá Kò Sọ Dé

Yésúfù, olùkọ́ ìtàn ní Ọ̀jọ́, sọ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Rodiyat, orúkọ obìnrin tó jọba ní Délì, nílẹ̀ Íńdíà, ní bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn.

"Bàbá ọba yẹn lọ́mọkùnrin," ló máa ń wí, "síbẹ̀ obìnrin náà ló yàn."

Nígbà tí Yésúfù ń kú lọ, ó fi ilé rẹ̀ n'Ìbà sílẹ̀ fún Rodiyat. Ogójì ọjọ́ ikú rẹ̀ kò tíì pé táwọn ẹ̀gbọ́n Rodiyat ọkùnrin fi da ẹrù Rodiyat síta. Ìwé bàbá rẹ̀ lórí ọba obìnrin náà wà nínú ẹrù ọ̀hún. Ó kà á parí: àwọn ìjòyè fi arákùnrin ọba náà rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì pa obìnrin náà.

"Bàbá, ẹ mọ̀, ẹ ò sọ fún mi!"

Rodiyat gba yàrá kan l'Ókokomaikó. Kò pẹjọ́ lórí ilé náà.