Páálí Ẹnu Ọ̀nà Ìye

Ìye ni àwa Ìkálẹ̀ ń pe ìyá, orúkọ yẹn náà sì ni gbogbo àdúgbò wa ní Igbotako ń pe ìyá mi, àgbà ìbáà jẹ́, ọmọdé ìbáà jẹ́. Opó ni. Bàbá wa ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Àwa méjì ló fi sílẹ̀ fún un: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àti èmi obìnrin tí mo kéré sí i. Oko gbágùúdá ni Ìye fi tọ́ wa. Ó ń ṣe púpurú tà, ìyẹn gbágùúdá tí a rẹ sómi, tí a mọ rìbìtì, tí a sì fi èéfín yan títí ara rẹ̀ fi dúdú. Èéfín yẹn ti wọ inú irun àti aṣọ rẹ̀ débi pé bí ó bá kọjá lẹ́yìn mi, mo ti mọ̀ pé òun ni kí n tó bojú wẹ̀yìn.

Ṣáájú ogun abẹ́lé ni ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sí Èkó. Ó ríṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù òyìnbó ńlá kan ní Marina, irú èyí tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ inú agolo, ọṣẹ, bàtà àti aṣọ lábẹ́ òrùlé kan náà. Ẹ̀ka oúnjẹ ni wọ́n fi í sí. Nígbà tí ogun parí tí ọ̀nà sì là, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi páálí oúnjẹ ránṣẹ́ sí Ìye lóṣooṣù. Dírẹ́bà kan tó jẹ́ ọmọ ìlú wa ló ń bá a gbé e, Mùsùlùmí, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Lọ́rì rẹ̀ a máa ti Èkó gba Orè bọ̀ wá sí Òkìtìpupa. Kì í já ẹrù wa sí gáréèjì bí ẹrù àwọn yòókù. Yóò dá ọkọ̀ dúró níwájú ilé wa, yóò fọwọ́ ara rẹ̀ gbé páálí náà wá sí ẹnu ọ̀nà, yóò bọ́ bàtà, yóò sì jíṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi: ó ní ẹ kú oko, ó ní ara òun le, ó ní kí ẹ má fi mílíìkì pamọ́ fún àlejò o, kí ẹ mu ún.

Ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni Ìye ti máa ń tú u. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ṣókùnkùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló fà á. Ó fẹ́ kí àwọn èèyàn rí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló lọ sí Èkó tí a kò gbúròó wọn mọ́, Ìye sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń ti odò bọ̀ mọ̀ pé tirẹ̀ kò sí lára wọn. Yóò tẹ́ ẹní, yóò jókòó, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò wá tú okùn páálí náà láìfi ọ̀bẹ gé e, nítorí pé okùn Èkó yẹn wúlò fún un lóko. Yóò kó ìwé ìròyìn tí wọ́n fi dí àárín ẹrù náà sí apá kan. Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: agolo mílíìkì, sadíìnì, ṣúgà onígun, tíì, bọ́tà, bisikíìtì. Àwọn sójà ṣì wà lójú ọ̀nà Orè nígbà náà, wọn a sì máa tú ẹrù wò, nítorí náà bisikíìtì kì í sábà dé ní odindi. Ìye a da ẹ̀rúnrún rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, a sì jù ú sẹ́nu kí ó tó kan ohunkóhun mìíràn.

Ẹ̀rúnrún yìí ni mo fi kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan ó jù ú sẹ́nu, ó sì dúró. Ó fi ọwọ́ lé ọrùn. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní kò sí nǹkan kan, ó gbẹ ni. Mo bu omi fún un, omi náà sì pẹ́ kí ó tó lọ. Láàárín àsìkò díẹ̀ iṣu kò lọ mọ́, lẹ́yìn náà púpurú tí ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kò lọ mọ́. A lọ sí ọsibítù ní Òkìtìpupa. Wọ́n yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, dókítà sì pè mí sẹ́yìn. Ó ní nǹkan kan ti ń hù níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní bí a bá lọ sí Ìbàdàn wọn yóò sọ ohun kan náà fún wa, ṣùgbọ́n a lè lọ bí a bá fẹ́. Ìye kò fẹ́. Bí a ti ń bọ̀ nínú ọkọ̀, kò bi mí ní ohun tí dókítà sọ. Ó kàn sọ pé kí n má ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi.

Bẹ́ẹ̀ ni páálí ń dé lóṣooṣù, tí ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí kò lè jẹ nínú rẹ̀. Omi ẹ̀kọ tí mo bá fi aṣọ sẹ́ ló ń mu, ìyẹn náà pẹ̀lú sùúrù. Síbẹ̀ bí ó bá ti gbọ́ ìró lọ́rì, yóò ní kí n tẹ́ ẹní. Nígbà tí kò lè dá rìn mọ́, mo ń fà á lápá lọ síbẹ̀. Ó ti gbẹ, òrùka ti ń yọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò tú okùn yẹn fúnra rẹ̀. Yóò mú agolo kọ̀ọ̀kan, yóò yí i wò, yóò gbé e kalẹ̀. Àwọn aládùúgbò a máa kí i pé Ìye kú oríire ọmọ, yóò dá wọn lóhùn, yóò fún ẹni kan ní sadíìnì, yóò fún òmíràn ní ṣúgà. Wọ́n ń gbà á, wọ́n ń dúpẹ́, wọn kì í sì í wojú rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò rí i.

Dírẹ́bà náà rí i ju gbogbo wọn lọ, nítorí òun ló ń kó iṣẹ́ padà. Iṣẹ́ kan náà ni Ìye ń rán an: kí ó sọ fún ọmọ òun pé mílíìkì náà bá òun lára mu, pé òun ń sanra. Ó jẹ́ iṣẹ́ yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn aládùúgbò ti lọ, ó jókòó lórí pèpéle, ó bọ́ fìlà.

Ó ní, “Ìye, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún un. Ọmọ yín ni.”

Ìye kò bínú. Ó ń ká okùn páálí mọ́ ìka rẹ̀. Ó ní, “Bí o bá sọ fún un, yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, yóò wá jókòó tì mí. Kí ni yóò fọwọ́ rẹ̀ ṣe níbí? Jẹ́ kó máa rà á. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń rà á, mo ṣì ń jẹun lójú rẹ̀.”

Dírẹ́bà dé fìlà rẹ̀, ó sì lọ. Mo kó àwọn agolo wọlé, mo tò wọ́n sábẹ́ ibùsùn, níbi tí àwọn ti àtẹ̀yìnwá ṣì wà.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ní ìgbà òjò, lọ́rì náà pẹ́ kí ó tó dé. Ìye ti jókòó lórí ẹní láti àárọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, kì í ṣe dírẹ́bà ló gbé páálí sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ káàkì ló rù ú lórí, ó sanra díẹ̀, ẹrẹ̀ sì ti dé orúnkún rẹ̀. Ìye rò pé alábàárù ni. Ó fọwọ́ han ibi tí yóò gbé e sí, ó ní, “Rọra sọ ọ́ o, bisikíìtì wà nínú rẹ̀.”

Ọkùnrin náà sọ páálí kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni, tí a ti rí kẹ́yìn ṣáájú ogun. Kò tilẹ̀ dé ilé rẹ̀ l'Ékòó kí ó tó wọkọ̀; aṣọ ṣọ́ọ̀bù ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ìye wò ó títí. Ó wá yí ojú sí dírẹ́bà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó ní, “O sọ fún un.”

Dírẹ́bà ní, “N kò sọ nǹkan kan, Ìye. Ó bi mí pé ṣé ẹ sanra, mo dákẹ́ ni.”

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó jókòó lórí ẹní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú páálí náà fúnra rẹ̀. N kò tíì rí i kí ó tú ẹrù rí. Ó ń to àwọn agolo náà ní ìlà bí wọ́n ti ń tò ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń yí gbogbo àwòrán ara wọn sí iwájú. Ó ní kí n gbé omi gbígbóná wá. Ó lu agolo mílíìkì kan, ó pò ó, ó fẹ́ ẹ títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì fi ṣíbí bù ú sí Ìye lẹ́nu. Ìye gbà á. A ń wo ọ̀fun rẹ̀. Mílíìkì náà dé ibi tí ó máa ń dé, ó sì padà gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n mi fi apá aṣọ nù ún, ó tún bu òmíràn, ìyẹn náà padà. Ó bu gulukóòsì inú páálí sómi, ó gbìyànjú ìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ó gbé ṣíbí lé orúnkún, kò sì gbé e mọ́.

Ìye fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀. Ó ní, “Ó dùn. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Lílọ ni kò lọ.”

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi sunkún, níwájú ẹnu ọ̀nà, lójú ẹni tó ń kọjá.

Kò padà sí Èkó mọ́ títí ọ̀ràn náà fi parí. Ó gbé Ìye lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀kan sí i, dókítà sì bá òun náà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé. Ó máa ń pọn ọ́n jáde láàárọ̀ kí ó lè gba oòrùn. Wọ́n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èdè wa tilẹ̀ ti ń kọ́ ọ lẹ́nu, tí ó ń fi ti Èkó dí i, Ìye a sì máa rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí ìyẹn. Kí àgbàdo tó gbó ni Ìye kú, ní òwúrọ̀ kan, orí rẹ̀ wà lápá mi, ẹ̀gbọ́n mi sì ti lọ pọnmi. Nígbà tó dé, ó gbé garawa náà kalẹ̀, ó sì dúró tì í fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó wọlé.

Lọ́jọ́ tí a sin ín, dírẹ́bà wá. Ó dúró sẹ́yìn àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi fìlà sọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi lọ bá a níbẹ̀. Mo rò pé yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ojú rẹ ni gbogbo rẹ̀ ṣe, o sì ń gba páálí lọ́wọ́ mi.” Dírẹ́bà kò wí àwíjàre kankan. Kò sọ pé Ìye ló bẹ òun. Ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ó sì lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀. Mo sọ òdodo ọ̀rọ̀ náà fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó yá, bí Ìye ti sọ ọ́ gan-an lórí ẹní. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí, ṣùgbọ́n kò yí ohun tó ti gbà lọ́kàn padà. Kò lè bínú sí òkú, kò sì fẹ́ bínú sí mi, dírẹ́bà nìkan ló kù.

Ẹ̀gbọ́n mi padà sí ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé òun kúrò ní ẹ̀ka oúnjẹ. Wọ́n gbé e lọ síbi bàtà. Èmi lọ sílé ọkọ ní Ìrẹ̀lẹ̀. Ibẹ̀ ni mo tún ti rí dírẹ́bà, lọ́jà, lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ó ti fi ọ̀nà Èkó sílẹ̀, èso ọ̀pẹ ló ń fi ọkọ̀ kó. Ó béèrè àwọn ọmọ mi, ó béèrè ọkọ mi, ó wá ní kí n bá òun kí ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá kí wa ní ìgbà ọdún, mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún un. Ó ń bọ́ bàtà fún ọmọ mi kékeré. Ó bọ́ ọ tán, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì pe ọmọ mi kejì pé kí ó mú tirẹ̀ wá.