Orúkọ Tí Inshirah Pè Níwájú Kámẹ́rà

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi di Inshirah mú. Iṣẹ́ wa nìyẹn ní Káírò: bí ọmọ ẹnì kan bá kú nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń ṣe fún oṣù ààwẹ̀, Inshirah ni wọ́n máa ń pè kó wá sunkún, èmi Tahani sì ni aládùúgbò tó ń di apá rẹ̀ mú kó má baà ṣubú lu òkú. Wọn kì í kọ orúkọ wa sí ìparí eré. Síbẹ̀, kò sí ilé tí wọn ò ti mọ ojú Inshirah. Tó bá lọ ra ẹ̀wà àárọ̀, àwọn èèyàn á máa bá a kẹ́dùn ọmọ tí kò bí.

Ọmọ tó bí kò ju ẹyọ kan lọ, Hilmi, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù. Nítorí rẹ̀ ni Inshirah kì í fi í ṣeré pẹ̀lú èèwọ̀ kan tí gbogbo àwa tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń pa mọ́: o ò gbọdọ̀ fi orúkọ ọmọ rẹ sunkún òkú eré. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣèèṣì. Ọmọkùnrin tó ṣe òkú lọ́jọ́ náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ọjọ́ orí Hilmi gan-an nígbà yẹn. Olùdarí eré ti ń bú Inshirah láti àárọ̀ pé omijé rẹ̀ gbẹ bíi búrẹ́dì àná. Bí wọ́n ṣe ṣí aṣọ lójú ọmọ náà báyìí, ohun tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, "Hilmi! Hilmi mi!" Inú olùdarí dùn, kò sì gbà kí wọ́n tún un yà. Ogójì ọjọ́ ni Inshirah fi ṣe sàráà. Eré náà kọjá lẹ́ẹ̀kan lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. A ní ó ti tán. A gbàgbé pé ẹyin lohùn.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Lubna dé. Ọmọbìnrin tó ń fi fídíò ṣe iṣẹ́ ọnà ni, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n àgbà lé. Ó ní òun ti ko gbogbo ẹkún Inshirah jọ láti inú eré mọ́kànlélógójì, òun fẹ́ fi wọ́n hàn nínú yàrá kan ní àjà keje láàárín ìlú, òun á sì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní tẹlifíṣọ̀n ló kọ́ gbogbo wa bí a ṣe ń sunkún, ojú Inshirah ló sì fi kọ́ wa. Ọjọ́ mẹ́ta ni Inshirah fi yan ìborùn tó máa wé. Èmi náà ra bàtà tuntun, òmùgọ̀ mi.

Nígbà tí a wọ yàrá náà, ara ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni tẹlifíṣọ̀n ńlá wà. Inshirah ọ̀dọ́, Inshirah arúgbó, gbogbo wọn ń sunkún nínú aṣọ dúdú. Lára mi, ọwọ́ nìkan ló hàn. Lójijì, mẹ́ta dákẹ́, ìkẹrin sì pariwo, "Hilmi! Hilmi mi!" Ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí. Ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́fà, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, fún odidi oṣù kan, bó ṣe máa rí nìyẹn.

"Lubna, ọmọ mi," Inshirah ní, "bá mi yọ orúkọ yẹn kúrò. Ọmọ mi ló ń jẹ́ ẹ. Orí omi ló wà."

"Màmá, ibẹ̀ yẹn nìkan ni ẹ ò ti ṣeré nínú gbogbo ẹ̀. Tí mo bá yọ ọ́, kí ló kù?"

"Ọmọ mi ló kù."

Lubna rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ ọn, ó ní kó fọkàn balẹ̀, oṣù kan ò pẹ́. Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Hilmi máa ń pe ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ìrun. Jímọ̀ yẹn, kò pè.

"Ìyá Hilmi, òkun ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì," mo ní. "Tàbí kẹ̀, ó ti rí ìyàwó ní èbúté kan tó gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Jímọ̀ kejì náà lọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù wá ń ba èmi gan-an. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a gun àjà méjèèje náà. Inshirah jókòó sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n kẹrin, ó gbé fóònù lé itan. Gbogbo ìgbà tí obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n bá ti pe Hilmi, òun á dáhùn sókè pé, "Ó wà láàyè. Hilmi wà láàyè." Àwọn tó wá wòran rò pé ó wà nínú iṣẹ́ ọnà náà ni, wọ́n ń yà á ní fídíò. Ọmọbìnrin kan bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá àwọn lè pàtẹ́wọ́ fún Alhaja. Mo gbá fóònù dànù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà karùn-ún tí Inshirah dáhùn, fóònù dún lórí itan rẹ̀. Nọ́ńbà tó yọ kì í ṣe ti Hilmi, ti iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀ wọn ni. Ó ń wò ó, kò fọwọ́ kàn án. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ tì í. Ọ̀rọ̀ tó sọ ló jẹ́ kí n wolẹ̀, tí mo rí ọwọ́ mi méjèèjì tó ti di apá rẹ̀ mú gírígírí.

"Tahani, fi mí sílẹ̀," ó ní jẹ́jẹ́. "Mi ò tíì gbé fóònù náà."

Mi ò lè fi í sílẹ̀.