Irúgbìn Tó Wà Lókè Ààrò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ilé kò tíì bo gbogbo ìlú Ìbà wa mọ́lẹ̀, ìrẹsì ni màmá mi ń gbìn, irú èyí tó ń hù lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ rò pé inú àpò ni ìrẹsì ti ń wá, ẹ gbọ́ o.

Pupa ni ìrẹsì náà. Ó ga, ó sì lọ́ra, ṣùgbọ́n bí òjò rọ̀ bí kò rọ̀, a máa jẹ, á sì ṣẹ́ kù. Tí a bá kórè tán, màmá mi á so àwọn ṣírí tó dára jù kọ́ òkè ààrò, kí èéfín má baà jẹ́ kí kòkòrò débẹ̀. Irúgbìn nìyẹn. Bó ti wù kí ebi pa wá tó, a kì í fọwọ́ kàn án.

Àbúrò bàbá mi ló mú irúgbìn tuntun dé. Kúkúrú ni, ó ń tètè gbó, ṣírí rẹ̀ sì pọ̀. Lọ́dún tí màmá mi gbin méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tuntun na àgbà pátápátá, ló bá fi gbogbo oko gbin tuntun. Ilé ìdáná wa ń jò nígbà náà, ó wá gbé irúgbìn pupa lọ fún bàbá kékeré yìí.

"Ọkọ mi, ẹ bá mi so ó kọ́ òkè ààrò yín."

"Ìyàwó wa, fọkàn balẹ̀. Ọwọ́ mi ló wà yẹn."

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyàwó rẹ̀ bímọ. Ìrẹsì elépo ni wọ́n sè níbi ìkómọ. Màmá mi jẹ ẹ́ tán, ó tún bù sí i, ó ní ó dùn bí ti oko òun. Bàbá kékeré rẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí ilẹ̀ kan náà ni.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òjò dá. Tuntun gbẹ lórí ìdúró. Màmá mi lọ gba irúgbìn rẹ̀, kò sí nǹkan kan lókè ààrò.

"Àlejò pọ̀ lọ́jọ́ ìkómọ yẹn, ìyàwó wa," ni bàbá kékeré wí. "Ìwọ náà ṣáà jẹ níbẹ̀."

Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Màmá mi kò gbin ìrẹsì mọ́ títí ó fi kú, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí títí dòní.

Ilé ló wà lórí oko náà báyìí. Okokomaiko ni gbogbo wa ti ń ra ìrẹsì alápò, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó tọ́jú irúgbìn. Ọmọ bàbá kékeré tí wọ́n kó jáde lọ́jọ́ ìkómọ yẹn ti hewú, ó máa ń kí mi dáadáa, èmi náà kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n tó bá ń ṣe ìnáwó, tí wọ́n gbé ìrẹsì síwájú mi, ẹ̀bà ni mo máa ń ní kí wọ́n fún mi.