Ẹṣin Tí A Sọ Ní Babátúndé

Òórùn tó máa ń jí mi nígbà èwe mi kì í ṣe òórùn àkàrà. Òórùn koríko gbígbẹ tí ìrì ti bà ni, àti ti ara ẹṣin tó gbóná, tó ń gba ojú fèrèsé wọlé bá mi lórí ibùsùn. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Maryland láyé ìgbà náà, ẹ ó rántí pé Mitchellville kò tíì kún fún ilé tó báyìí. Ibi tí àwọn ilé ńláńlá kan wà lónìí, oko tábà àtijọ́ ló wà níbẹ̀, ìkùukùu sì máa ń ti odò Patuxent gòkè wá bò ó láàárọ̀. Inú ìkùukùu yẹn ni mo ti rí ọmọ ẹṣin kan tó dìde, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tán nílé wa títí di òní.

Dádì mi kàwé dókítà ẹran ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbé wá kò já mọ́ nǹkan kan níbí, ni wọ́n bá gba iṣẹ́ olùtọ́jú ẹṣin lọ́dọ̀ ìyá òyìnbó kan tí à ń pè ní Mísìsì Hazel. Ilé kékeré kan lẹ́yìn ilé ẹṣin ni a ń gbé. Mọ́mì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó lọ́nà Fort Washington, wọ́n sì kórìíra ẹṣin débi pé wọn kì í gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà kọjá lọ sídìí mọ́tò wọn. N kò dá wọn lẹ́bi. Àwọn ẹṣin náà kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń gùn sáré. Clydesdale ni wọ́n, ẹṣin tí àwọn òyìnbó fi ń fa ẹrù láyé àtijọ́. Pátákò wọn tó àwo ìjẹun, irun funfun sì bo ẹsẹ̀ wọn láti orúnkún dé ilẹ̀, tí o ò fi ní rí ibi tí wọ́n tẹ̀ gan-an.

Akọ ni Mísìsì Hazel ń sìn. Àwọn tó ní abo á fi ọkọ̀ gbé e wá láti Virginia tàbí Pennsylvania kí akọ rẹ̀ lè gùn ún. Kí a tó tú abo sílẹ̀, ìyá náà á gbé ọwọ́ lé ọrùn akọ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìran rẹ̀ fún àlejò: bàbá rẹ̀ rèé, bàbá tó bí bàbá rẹ̀ rèé, ìyá ìyá rẹ̀ rèé, èyí tó gba ipò kìíní níbi ìdíje, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ́ ṣánṣán títí ó fi kú. Orí ló ti ń kà á. Dádì á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. "Títí, o gbọ́? Oríkì ni ìyá yìí ń ki." Wọ́n ní òyìnbó náà mọ̀ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe kì í wọ́n lẹ́nu Dádì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń fi ìjánu sí ẹṣin lẹ́nu ni wọ́n máa ń sọ pé, "Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ." N kò mọ̀ pé òwe yẹn ṣì máa yíjú padà sí wọn.

Bàbá tó bí Dádì, tí à ń pè ní Bàbá Ọ̀yọ́, ẹṣin àwọn ìjòyè ni wọ́n tọ́jú títí wọ́n fi darúgbó. N kò rí wọn rí. Fọ́tò wọn kan ṣoṣo ló wà lára ògiri wa, wọ́n jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀ òsì síwájú. Mo ṣì wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n kú. Fóònù dún ní ìyálẹ̀ta, Dádì gbọ́ ọ, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n sì padà sí ilé ẹṣin. Ìwé ìgbélùú wa kò tíì jáde. Bí wọ́n bá fi lè kúrò ní Amẹ́ríkà, wọn ò ní ráyè wọlé mọ́. Àkọ́bí ọkùnrin ni wọ́n o, wọn kò sì lè lọ sin bàbá wọn. Mo gbọ́ tí Mọ́mì ń pè wọ́n pé kí wọ́n wá jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, abo kan ṣoṣo tí Mísìsì Hazel ní bímọ nínú ìkùukùu. Akọ ni ọmọ náà. Mo dúró sídìí ọgbà, mo ń wò ó bó ṣe dìde, tó ṣubú, tó tún dìde. Nígbà tó wá dúró tán, ó rọra gbé ẹsẹ̀ òsì tẹ̀yìn kúrò nílẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí ibẹ̀ ń dùn. Dádì di orí rẹ̀ mú. Wọ́n ń sunkún, ojú wọn wú. "Babátúndé," wọ́n ní. "Ẹ káàbọ̀, bàbá mi."

Ọ̀rọ̀ náà bí Mọ́mì nínú kọjá ààlà, nítorí oyún ti wà nínú wọn nígbà náà. "Dádì Títí, orúkọ tó tọ́ sí ọmọ èèyàn lẹ fún ẹran yìí. Bí mo bá bí ọkùnrin ńkọ́? Kí la ó máa pè é?" Dádì ní ìbànújẹ́ ló sọ ọ́ sí àwọn lẹ́nu, pé eré ni. Eré kọ́. Mísìsì Hazel ti fẹ́ràn orúkọ náà, ó ti fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kọ ìran ẹṣin sílẹ̀, kò sì ṣe é gbà padà mọ́. Èmi ní tèmi, ẹ̀rín ni mò ń rín. Ó dùn mọ́ mi pé ẹṣin kan ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, mo sì ń fi Mọ́mì ṣe yẹ̀yẹ́ pé orúkọ lásán-làsàn ló ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ọkùnrin ni Mọ́mì bí lóòótọ́. Káyọ̀dé ni wọ́n sọ ọ́. Àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì béèrè ìdí tí a kò fi pè é ní Babátúndé nígbà tí bàbá àgbà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, Dádì bá ń wolẹ̀. Ọmọ náà sanra, ó tètè rìn, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Ó pé ọdún kan, ó pé méjì, ó ń sún mọ́ mẹ́ta, kò pe Mọ́mì rí, kò pe Dádì. Dókítà ní etí rẹ̀ gbọ́ràn dáadáa. Pásítọ̀ gbàdúrà, gbàdúrà. Mọ́mì wá di ẹni tó ń dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná, tó ń wo ẹṣin.

Ohun tí wọ́n ń wò, èmi náà ń rí i, ẹ̀rín sì ti tán lẹ́nu mi. Káyọ̀dé á sá lọ sídìí ọgbà, ẹṣin náà á sì kúrò lọ́dọ̀ àwọn yòókù wá bá a. Wọ́n á dúró, wọ́n á máa wo ara wọn nínú ìkùukùu, láìsí ariwo kankan. Bí Dádì bá pe "Babátúndé" láti ẹnu ọ̀nà, orí méjèèjì ló ń yí padà.

Ẹṣin ọ̀hún dàgbà, ó di ìràwọ̀ oko náà. Mísìsì Hazel bẹ̀rẹ̀ sí í kéde rẹ̀, abo sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Ohun kan ṣoṣo ni kò yé ìyá náà. Bí ẹṣin yìí bá fẹ́ mu omi, á ti ẹnu bọ inú àgbá, á gbé orí sókè, á tú ẹ̀kún ẹnu àkọ́kọ́ dà sílẹ̀, á dúró díẹ̀, kó tó wá mu. Ìyá náà ní kò sí èyí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ìran rẹ̀ tí òun mọ̀.

Ọdún yẹn ni Màmá Ọ̀yọ́, ìyá tó bí Dádì, wá kí wa. Dádì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ orúkọ ẹṣin létí wọn. Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn wa láàárọ̀, wọ́n fi ìró bo èjìká nítorí òtútù, ni Dádì bá fa ẹṣin kọjá lọ síbi omi. Ó ti ẹnu bọ àgbá. Ó tú u dà sílẹ̀. Màmá bá dìde. Wọ́n bi wá pé ta ló kọ́ ẹṣin yìí bó ṣe ń mu omi, a ní kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti wọlé ọkọ, Bàbá Ọ̀yọ́ kò mu omi rí kí wọ́n má kọ́kọ́ fún ilẹ̀. Wọ́n wo ẹsẹ̀ òsì tí ẹṣin gbé sókè, wọ́n ní ẹsẹ̀ Bàbá Ọ̀yọ́ yẹn náà ni ẹṣin ìjòyè kan tẹ̀ fọ́ kí wọ́n tó fẹ́ àwọn. Lẹ́yìn náà, ìyá arúgbó yìí rìn wọnú ẹrẹ̀, wọ́n sì kúnlẹ̀.

"Àlàó," wọ́n fi oríkì Bàbá Ọ̀yọ́ pè é, "ẹ kú àtijọ́."

Ẹṣin ńlá yẹn tẹrí ba títí àgbọ̀n rẹ̀ fi kan èjìká Màmá. Dádì fi okùn sílẹ̀ lọ́wọ́, ẹṣin náà kò sì lọ síbì kankan.

Màmá béèrè iṣẹ́ tí ẹṣin ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tí Dádì ṣàlàyé, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní ṣé wọ́n tún ń fi ọkọ̀ gbé ìyàwó wá bá ọkọ àwọn láti ìlú mìíràn, ọkùnrin tó tọ́jú ẹṣin ẹlẹ́ṣin títí ayé tí kò ní tirẹ̀! Mọ́mì pàápàá rẹ́rìn-ín. Màmá wá nu ojú, wọ́n fa Káyọ̀dé wá síwájú. "Ẹ fẹ́ràn ẹṣin, ẹ sì ti di ẹṣin. A ò bá yín jà. Ẹ ṣáà yọ̀ǹda ẹnu ọmọ yìí fún wa." Ẹṣin mí èémí gbígbóná sórí ọmọ náà. Màmá tẹ́tí sílẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó dìde. "Wọ́n ní àwọn ò tíì ṣe tán níbí," wọ́n sọ fún Dádì. "Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbọ́."

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, Káyọ̀dé wọ ilé ìdáná, ó ní, "Omi." Ohùn rẹ̀ nípọn ju ti ọmọdé lọ. Mọ́mì fi ife omi fún un, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ó mu ún tán, ẹ̀kán kan kò kán sílẹ̀. Mọ́mì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún.

Nígbà tó yá, Mísìsì Hazel darúgbó, ó ta oko. Ẹṣin wa bá àwọn kan lọ sí Pennsylvania, ilé sì bo gbogbo ibẹ̀. Ìwé wa jáde, Dádì lọ sí Ọ̀yọ́, wọ́n rí sàréè bàbá wọn. Káyọ̀dé di lọ́yà, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò lè pa lẹ́nu mọ́.

Dádì kú lọ́dún tó kọjá. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo bí ọmọ mi ọkùnrin. Gbogbo ẹbí ń pè lórí fóònù pé Babátúndé ti dé. Mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, Dádì mi ni mo fẹ́ kí wọ́n padà wá. Síbẹ̀ ẹnu mi kò gba orúkọ náà. Mọ́mì ló sọ ohun tó wà lọ́kàn mi: "Lọ wo ilé kí o tó sọmọ lórúkọ." Mo fi aṣọ wé ọmọ tuntun, mo wakọ̀ lọ sí Pennsylvania láti mọ̀ bóyá orúkọ náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹṣin. Ọmọ ọmọ ẹṣin wa ló wà níbẹ̀, òun náà ni akọ tí wọ́n ń mú abo wá bá. Olówó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìran rẹ̀ fún mi, ó dé orí Babátúndé, ó pè é wọ́gọwọ̀gọ. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fún un lómi. Èmi tí mo fi Mọ́mì ṣe yẹ̀yẹ́, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, mo ń fi ojú bẹ ẹṣin. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló tẹlẹ̀ dáadáa. Ó mu omi tán, kò da ẹ̀kán kan sílẹ̀. Mo sunkún ayọ̀ dé ilé, mo ń pe ọmọ mi ní Babátúndé lójú ọ̀nà, mo ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá Dádì sọ̀rọ̀.

Nígbà ìkómọ, pásítọ̀ ki ìka bọ omi, ó fi kan ọmọ lẹ́nu. Ọmọ náà gbà á, ó dákẹ́, ó fi ahọ́n tì í jáde, omi sì kán sílẹ̀. Pásítọ̀ tún fún un, ó wá gbé e mì. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ṣì jẹ́ ọmọdé ni, ẹ̀rín tèmi ni ì bá pariwo jù. Mo wo Mọ́mì, Mọ́mì wò mí. Mo wo fọ́tò Dádì lára ògiri, mo wo ti Bàbá Ọ̀yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe Dádì ló dé.