Waya Inú Ọpọlọ

Ẹ sún mọ́ ìdí ògiri níbi tí òòrùn ò dé, kẹ́ ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ń jẹ àgbàdo, kó rọra máa jẹ ẹ́. Àmì kékeré tí wọn ò fi sórí ọ̀rọ̀ ló dá ohun tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀.

Ọmọbìnrin mi ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì. Ìgbéyàwó rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ará Ìlárá, bi í lórí wọ́sáàpù pé iṣẹ́ wo gan-an ló ń ṣe. Ó fèsì: "Baba, ero mi lo n wa ibi ti waya wa ninu opolo."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àna mi ti dé ilé wa ní Ìláròó.

"Àna mi, ṣé kò sí?" mo bi í.

"Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Ẹ̀yin náà kúkú mọ ọ̀pọ̀lọ́ tí mò ń wí."

Kò jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ìkòkò omi wa. Ìgbà òjò ni. Ilé ta ni wọn ò ti ní í bá ọ̀pọ̀lọ́ kan níbẹ̀?

"Ẹ ò rí i! Ó ti ń sìn wọ́n! Ọmọ mi ò ní fẹ́ ẹni tó ń ki waya bọ inú ọ̀pọ̀lọ́!"

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí bó bá fi ìbínú padà sílé, ọmọ mi ti pàdánù ọkọ nìyẹn.

Ọmọ náà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde. Nǹkan aláwọ̀ eérú kan hàn níbẹ̀, ó hun jọ bí asálà tí wọ́n bó, àmì pupa tò sínú rẹ̀.

Àna mi wò ó títí. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?"

"Kò lẹ́sẹ̀, Bàbá. Ọpọlọ inú orí ni. Wárápá ló ń dààmú ẹni tó ni ín. Àwọn dókítà ki waya tín-ín-rín sí i, kí wọ́n lè mọ ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ mi á wá gbé àwòrán orí rẹ̀ tàtẹ̀yìnwá lé èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn tí wọ́n ki waya sí i, á sì fi ibi tí waya kọ̀ọ̀kan dé hàn, kí wọ́n má bàa gé ibi tí kò jẹ̀bi nígbà iṣẹ́ abẹ."

"Kò dùn ún?"

"Ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora, Bàbá."

"Ti ọ̀pọ̀lọ́ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe bi í, ara wa wá rọ̀.

"Ó dáa, bá mi wá waya tó já nínú orí ọmọ mi."

"Èyí tí dókítà bá kì bọ̀ ọ́ nìkan ni mò ń wá. Tọmọ yín, bí Ọlọ́run ṣe so ó ló wà."

"Bọ́n," ló wí, ìyẹn 'ó dáa' ní èdè Faransé òdìkejì bọ́dà tó máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bínú rẹ̀ bá dùn. Ó jókòó. "Ìyàwó wa, bu omi wá kí n mu. Kì í ṣe látinú ìkòkò yẹn o!"

Wọ́n ṣègbéyàwó náà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ọmọ mi jogún ilé ọkọ, àna mi sì jogún orúkọ tuntun: Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ń pè é kiri Ìlárá. Èmi ni wọ́n fi àmì sílẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí bàbá ọkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ń kọ́kọ́ gbà kọjá, kí n lè fi àmì sórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ yẹn ló jogún ẹ̀yìn ìkòkò. Ìyàwó mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni lé e. Ó ní alárinà ni.